Wáyà Tí A Ti Bò Mọ́lẹ̀: Èsì sí Ìbéèrè Yín Lórí Iná àti Fáíbà

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ ni lẹ́tà ti ń dé sí wa lórí ọ̀rọ̀ wáyà, yálà ti iná mànàmáná tàbí ti fáíbà, ìyẹn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fà káàkiri àdúgbò báyìí. Márùn-ún ni mo mú nínú wọn fún ti oṣù yìí. Ohun kan náà ni mo rí nínú gbogbo wọn: àwọn èèyàn ń bẹ̀rù wáyà tí ojú wọn tó, ṣùgbọ́n ọkàn wọn balẹ̀ sí èyí tí a ti bò mọ́ ògiri, mọ́ àjà tàbí mọ́ ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ gan-an ni ewu ń fara pamọ́ sí.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń kọ́ ilé oníyàrá mẹ́jọ sí ẹ̀gbẹ́ Under G fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH. Oníṣẹ́ iná mi ní kí n ra wáyà 1.5 fún gbogbo ilé, nítorí pé wáyà ti gbówó lórí. Wáyà yẹn náà la lò ní ilé mi àtijọ́ ní Arówómọlé, ṣùgbọ́n lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, òórùn rọ́bà tó ń jó máa ń jáde lára ògiri bí àwọn ayálégbé bá ti ń dáná lálẹ́. Bírékà ibẹ̀ máa ń já tẹ́lẹ̀. Oníṣẹ́ ti fi èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ pààrọ̀ rẹ̀, kò sì já mọ́. Ṣé kò séwu? (Bàbá onílé, Arówómọlé, Ògbómọ̀ṣọ́)

Èsì: Bàbá wa, ewu ń bẹ, ó sì ti wà nínú ògiri náà kí ẹ tó kọ lẹ́tà. Kí ẹ tó ka èyí tó kù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa bírékà tó ń gbé iná lọ sí àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé Arówómọlé, kí ẹ má sì tàn án títí ẹni tó mọṣẹ́ dunjú yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Òórùn rọ́bà tó ń jó fi hàn pé ohun tó bo bàbà inú wáyà ti ń yọ́. Bí ó bá yọ́ tán, wáyà méjì yóò fara kanra, iná yóò sì ṣẹ́ yọ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè tètè rí i.

Nọ́ńbà tí à ń pè mọ́ wáyà, ìyẹn 1.5, 2.5, 4 tàbí 6, ni ìwọ̀n ojú bàbà inú rẹ̀ ní sìkúẹ̀ mílímítà. Bí bàbà bá ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó ni yóò ṣe gbóná tó nígbà tí iná bá ń gba inú rẹ̀ kọjá, ìgbóná yìí kì í sì í rọra pọ̀: bí iná tó ń kọjá bá di ìlọ́po méjì, ìgbóná á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí wáyà tó ti gbé gílóòbù fún ọdún mẹ́wàá láìsí wàhálà fi lè jó láàárín oṣù kan tí àwọn ọmọ bá gbé sítóòfù oníná dé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Iná ilé wa jẹ́ 230 fólítì. Bí a bá fi 230 pín kẹ́tùlù 2,000 wáàtì, ó ń fa iná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ámpíà 9. Sítóòfù oníná 1,000 wáàtì àti áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì pa pọ̀ ń fa iye kan náà. Bí yàrá mẹ́fà péré bá tan sítóòfù àti áyọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan náà, 12,000 wáàtì nìyẹn, ìyẹn ámpíà 52. Wáyà 1.5 tó wà nínú páìpù ògiri kò yẹ kó gbé ju nǹkan bí ámpíà 14 sí 17 lọ, 2.5 sì ń gbé nǹkan bí 20 sí 24. Ibi tí ooru kò ti ju dígírì 30 lọ ni wọ́n tilẹ̀ ti ṣe ìṣirò yẹn. Lábẹ́ páànù Ògbómọ̀ṣọ́ nínú oṣù kẹta, kò sí ẹni tó wọ inú àjà rí tí kò mọ̀ pé ooru ibẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá dé 50, wáyà tó yẹ kó gbé ámpíà 20 kò gbọdọ̀ gbé ju 14 lọ mọ́.

Fún ilé tuntun yín, ẹ lo wáyà 1.5 fún gílóòbù nìkan, lórí bírékà 6 tàbí 10. Ẹ fa 2.5 sí àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní bírékà tirẹ̀ tí kò ju 20 lọ, tó sì kéré sí i bí wáyà bá gba inú àjà tó gbóná, kí ó má baà jẹ́ pé wáyà kan ṣoṣo ni yóò máa ru ẹrù gbogbo ilé. Ẹ lo 4 fún ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ tó ń gbóná omi. Ní ti wáyà tó ti orí òpó wọlé, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ kọ ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ fún yín kí ẹ tó ra ohunkóhun; ilé oníyàrá mẹ́jọ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kún inú rẹ̀ tó ohun tí a ń tọrọ iná onífésì mẹ́ta fún.

Ọ̀rọ̀ bírékà tí wọ́n pààrọ̀ ló dùn mí jù nínú lẹ́tà yín. Wáyà tó wà nínú ògiri ni bírékà ń ṣọ́. Nígbà tó ń já, ohun tó ń sọ ni pé ẹrù ti ju agbára wáyà lọ. Ẹni tó yọ 20 kúrò tó fi 40 rọ́pò rẹ̀ láìpààrọ̀ wáyà ti lé ọlọ́dẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà nítorí pé igbe rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n sùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá bírékà tó kéré padà lónìí, kódà kí ẹ tó rówó pààrọ̀ wáyà. Àwọn ayálégbé yóò ráhùn, ẹ sì ṣàlàyé fún wọn.

Bírékà lásán kò lè gba ẹ̀mí ènìyàn là, nítorí iná tó ń pani kéré jọjọ sí èyí tó ń jo wáyà. Bí a bá pín ámpíà kan sí ọ̀nà 1,000, bíi 30 nínú rẹ̀ tó láti ṣe ọkàn ní jàǹbá bí ó bá gba àyà kọjá. Èyí tó wà fún ènìyàn ni wọ́n ń pè ní RCD. Ó ń wọn iná tó jáde lọ àti èyí tó padà bọ̀. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ó mọ̀ pé apá kan ti yà sọ́nà mìíràn, bóyá nínú ara ènìyàn, á sì já lójú ẹsẹ̀. Ẹ béèrè fún èyí tó ní 30 mA lára (ìyẹn 30 nínú 1,000 ámpíà kan), kí ẹ sì máa tẹ bọ́tìnnì àyẹ̀wò ara rẹ̀ lóṣooṣù. Ó gbọ́dọ̀ bá ẹ́ẹ̀tì gidi rìn, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà wọ ilẹ̀ lọ. Ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì tí gígùn rẹ̀ kò dín ní mítà kan àti díẹ̀ ni kí wọ́n gbá wọlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ kì í ti í tètè gbẹ, nítorí ilẹ̀ pupa wa máa ń le bí òkúta nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ gbígbẹ kì í sì í gba iná dáadáa. Àṣà àtijọ́ tí wọ́n fi ń so ẹ́ẹ̀tì mọ́ páìpù omi kò wúlò mọ́, nítorí rọ́bà ni páìpù kànga ẹ̀rọ wa báyìí.

Ẹ tún ṣọ́ra fún wáyà ayédèrú. Ẹ fi ọ̀bẹ ha bàbà inú rẹ̀. Bí inú bá funfun, alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, kò sì lè gbé iye iná tí wọ́n kọ sí i lára.

Èyí tó kù ni mo fẹ́ kí ẹ di mú jù lọ. Kí wọ́n tó rẹ́ ògiri, ẹ ya fọ́tò gbogbo ògiri kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n lára rẹ̀, kí ẹ ya àwòrán ọ̀nà wáyà sórí ìwé, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn àpótí bírékà. Kí wáyà gba òkè wá sísàlẹ̀ tààrà, tàbí kó gba ẹ̀gbẹ́ lọ tààrà, kó má dábùú ògiri láti igun dé igun. Kí wọ́n má ṣe so wáyà pọ̀ nínú ògiri. Ibikíbi tí wáyà bá ti pàdé wáyà, inú àpótí tí a lè ṣí ni kó wà, kí ó má jẹ́ èyí tí wọ́n lọ́ pọ̀, tí wọ́n fi téèpù wé, tí wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì bò. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, wọ́n ní kí n lu ihò fún irin kọ́tìnì ní ilé kan. Wáyà tí ẹnì kan ti fà dábùú ògiri náà ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn ni díríìlì mi bá pàdé. Ó sọ mí nù kúrò lórí àkàbà, apá mi òsì kò sì gbéra dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò sí ẹni tó lè sọ ẹni tó fa wáyà yẹn tàbí ìdí tó fi fà á bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gbà kí wọ́n rẹ́ ilé tí mo ṣe wáyà rẹ̀ láìsí fọ́tò.

Bí iṣẹ́ bá parí, kí wọ́n tó fa iná wọlé, ẹ béèrè fún àyẹ̀wò àti ìwé ẹ̀rí NEMSA, nítorí àjọ yìí ni òfin gbé àyẹ̀wò ìlò iná lé lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Olóòtú ọmọ mi, wọ́n fẹ́ fa fáíbà wọ ilé mi ní Òwódé nítorí ọmọ mi tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nílé. Àwọn ọmọkùnrin tó wá fẹ́ so ó mọ́ òpó iná, kí wọ́n sì gba inú ihò kan náà tí wáyà iná gbà wọlé. Aládùúgbò mi ní yóò máa fa àrá, pé iná inú rẹ̀ sì lè gbé àwọn ọmọ ọmọ mi. Òótọ́ ni àbí irọ́? (Ìyá àgbà, Òwódé, Ọ̀yọ́)

Èsì: Ìyá wa, ẹ kú àníyàn àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ aládùúgbò yín ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi tí ó rò ó sí.

Dígí ni fáíbà. Fọ́nrán dígí kan wà láàárín rẹ̀ tí kò ju ìlọ́po méjì irun orí lọ ní sísanra, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gba inú dígí náà kọjá. Kò sí iná mànàmáná nínú rẹ̀ rárá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Kao ló fi hàn ní ọdún 1966 pé bí dígí bá mọ́ tó, ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn láìṣú, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní ọdún 2009. Nítorí náà, bí ọmọ bá fọwọ́ kan dígí yẹn, iná kò lè gbé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná tó wà nítòsí kò lè da ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ rú, láìdà bí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì oníbàbà tí iná ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa ń dà láàmú.

Ibi tí òótọ́ wà rèé. Wáyà fáíbà tó ń ti òpó wá sílé sábà máa ń ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára, tí wọ́n fi ń fà á le kí ó má baà rọ̀. Irin yẹn ń gbé iná. Bí wáyà iná orí òpó bá já lé e, tàbí tí ó bá ń ha á lójoojúmọ́ nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, rọ́bà yóò bó, iná yóò sì gba ara irin náà wá títí dé ògiri yín. Ẹ sọ fún àwọn ọmọkùnrin yẹn pé kí wọ́n ya irin náà kúrò lára fáíbà ní ìta, kí wọ́n fi ìkọ́ dè é mọ́ ògiri níta, kí ó sì jẹ́ pé fáíbà tó kù nìkan ni yóò wọlé. Bí àwọn okùn tó kù lára rẹ̀ náà bá jẹ́ irin, ẹ ní kí wọ́n lo irú èyí tí kò ní irin rárá. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yíya irin yìí sọ́tọ̀, ó sì ń yà mí lẹ́nu bí wọ́n ṣe máa ń fojú fò ó.

Òpó iná kì í ṣe ti àdúgbò. Ilé iṣẹ́ tó ń pín iná ló ni ín, ẹni tó bá fẹ́ so ohunkóhun mọ́ ọn gbọ́dọ̀ gbàṣẹ, a sì gbọ́dọ̀ mọ irú iná tó wà lórí rẹ̀. Àwọn òpó kan ń gbé 11,000 fólítì lókè, wọ́n sì tún ń gbé 415 nísàlẹ̀. Ti iná ní í wà lókè, fáíbà á wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá, kí àlàfo tó wà láàárín wọn má sì dín ní mítà kan. Àkàbà irin kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ irú òpó bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ gun ún lẹ́yìn òjò. Iná 11,000 kò dúró de kí a fọwọ́ kan òun. Ó lè fò gba afẹ́fẹ́ mú ẹni tó sún mọ́ ọn jù. Bí fáíbà náà yóò bá sì dábùú ọ̀nà kó tó dé ilé yín, kí ó ga ju orí ọkọ̀ ńlá tó di ẹrù gogoro lọ, nítorí tírélà tó bá fi orí kọ́ fáíbà lè wọ́ òpó àti wáyà iná wálẹ̀ pa pọ̀, ìgbà yẹn ni aráàdúgbò yóò wà nínú ewu.

Ní ti ihò, ẹ má gbà. Ẹ ní kí wọ́n lu tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ihò náà rẹlẹ̀ díẹ̀ ní ìta kí omi òjò má baà tọ̀ ọ́ wọlé, kí páìpù fáíbà má sì jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti iná. Lọ́jọ́ tí fáíbà bá bàjẹ́, ọmọ tó wá tún un ṣe yóò fà á pẹ̀lú agbára. Bí ó bá wà nínú páìpù kan náà pẹ̀lú wáyà iná, ìfà yẹn lè bó rọ́bà ara wáyà iná láìsí ẹni tó mọ̀.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọn yóò gbé kọ́ ògiri ń jẹ iná láti sọ́kẹ́ẹ̀tì bíi rédíò. Bí àrá bá ń sán, ibẹ̀ ni ó lè gbà wọlé, ju ọ̀nà dígí lọ. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná nígbà tí ìjì bá ń bọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí, mo ń kọ́ iṣẹ́ fáíbà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀gá mi máa ń wo ẹnu fáíbà láti mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀. Ègé dígí sì gún mi lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, n kò rí i yọ. Kí ni kí n máa ṣe? (Ọmọ-iṣẹ́, Sábó)

Èsì: Àbúrò mi, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn lórí ègé tó wà lọ́wọ́ yín. Dígí náà kò sanra ju ìdá kan nínú mẹ́jọ mílímítà kan lọ, kò ní àwọ̀, ó sì lè ṣẹ́ sínú awọ ara bí a bá ń fi abẹ́rẹ́ wá a kiri.

Ẹ má ṣe wo ẹnu fáíbà láé, kódà bí ọ̀gá bá ń wò ó. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní 1310, 1490 àti 1550 nítorí ìwọ̀n ìgbì rẹ̀ ní nánómítà, kì í ṣe èyí tí ojú ènìyàn lè rí. Oòrùn máa ń mú wa dijú kí ó tó ṣe wá ní jàǹbá. Ti fáíbà kò ní jẹ́ kí ojú mọ̀ pé òun ń wọlé, nítorí náà ojú kò ní dì. Ọ̀gá yín lè máa wò ó kó máa rí òkùnkùn, kó sì rò pé fáíbà ti kú, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀ gan-an. Ẹ̀rọ pawa mítà, èyí tó ń wọn agbára ìmọ́lẹ̀, ni ká fi wọ̀n ọ́. Mo mọ̀ pé kò rọrùn kí ọmọ-iṣẹ́ tọ́ka àṣìṣe sí ọ̀gá. Ẹ lè bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí ẹ̀yin máa fi mítà wọ̀n ọ́ fún un, kí ẹ sì máa sọ nọ́ńbà tí ẹ rí.

Ẹ tẹ́ aṣọ tàbí rọ́bà dúdú sórí tábìlì kí ẹ lè rí ègé dígí. Gbogbo ègé tí ẹ bá gé, inú ìgò tó ní ìdérí ni kí ẹ jù ú sí, kò gbọdọ̀ bọ́ sílẹ̀ ilé oníbàárà tí ọmọ ń rákò lórí rẹ̀. Ẹ fi téèpù tó ń lẹ̀ gbá orí tábìlì bí iṣẹ́ bá parí. Ẹ wọ gíláàsì ojú. Ẹ má jẹun níbẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ nu ojú, kí ẹ sì fọ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ. Ọtí tí ẹ fi ń nu dígí máa ń gbiná, ẹ̀rọ tí ẹ fi ń yọ́ dígí méjì pọ̀ sì máa ń ṣẹ́ iná. Ẹ jẹ́ kí ọtí náà gbẹ tán kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì.

Nígbà ọyẹ́, ẹ fi ìmọ́tótó kún un. Ojú ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà láàárín dígí náà kò ju 9 nínú 1,000 mílímítà kan lọ; eruku tí ojú yín kò rí tó láti dí i. Lórí ìmọ́lẹ̀ 1550, dígí tó mọ́ ń sọ nǹkan bí 0.2 dB nù lórí kìlómítà kan (dB ni wọ́n fi ń wọn bí agbára ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dín kù), ìyẹn ni pé láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́, tó jẹ́ nǹkan bí 50 kìlómítà, bí 10 dB ló ń sọ nù. Ẹnu ìsopọ̀ kan tí eruku bo lè sọ 1 dB nù fúnra rẹ̀, ìyẹn dọ́gba pẹ̀lú ìrìn kìlómítà márùn-ún. Ẹ nu ẹnu rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ tì í bọlé, bí ẹ tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún tán. Ẹ má sì ká fáíbà ní kíká tó kéré jù. Kí ìwọ̀n láti àárín ìká náà dé etí rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá sísanra okùn náà, kí ó sì tó ìlọ́po ogún nígbà tí ẹ bá ń fà á lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Jọ̀wọ́ olóòtú, mo ní jẹnẹrétọ̀ kékeré. Mo máa ń fi wáyà olórí méjì ti jẹnẹrétọ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé, gbogbo ilé á sì mọ́lẹ̀. Ẹnì kan ní kò dára. (Aránṣọ, Òkè Adó)

Èsì: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dá a dúró lónìí. Orí wáyà tó bá já bọ́ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ní iná lẹ́nu, ọmọ tó bá sì gbá a mú ti kó sí wàhálà. Èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ń ṣẹlẹ̀ lóde. Bí ẹ kò bá rántí pa bírékà ńlá, iná yín yóò gba mítà jáde, yóò dé ara ẹ̀rọ tiráńsífọ́mà àdúgbò. Tiráńsífọ́mà tó ń sọ 11,000 di 415 fún wa lè ṣiṣẹ́ sẹ́yìn, kó sọ iná jẹnẹrétọ̀ kékeré di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì lórí wáyà tí òṣìṣẹ́ kan dì mú lórí òpó, tó gbà pé iná kò sí. Ẹ ra ẹ̀rọ ìyípadà tí a ń pè ní ṣéńjóófà, tí kò lè fàyè gba iná méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí oníṣẹ́ so ó. Kí jẹnẹrétọ̀ náà sì wà ní ìta, jìnnà sí fèrèsé. Ọ̀rọ̀ ṣéńjóófà yìí kan ẹ̀yin tí ẹ ń lo sólà àti ínfátà pẹ̀lú.

Ìbéèrè: A fẹ́ gbẹ́ ihò fún ṣaláńgá àti ògiri ọgbà ilé-ìwé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó lọ sí Ìlọrin. Àwọn kan ní wáyà fáíbà àti ti iná gba ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ibi tó wà. Báwo la ṣe lè gbẹ́ ẹ láìṣe ìjàǹbá? (Ọ̀gá ilé-ìwé, Ògbómọ̀ṣọ́)

Èsì: Ọ̀gá, ẹ ṣe é tí ẹ béèrè kí ẹ tó gbẹ́. Ọ̀pọ̀ wàhálà wáyà abẹ́ ilẹ̀ ni kì bá ti wáyé bí gbogbo ènìyàn bá ń ṣe bíi tiyín.

Ẹ kọ ìwé sí ilé iṣẹ́ tó ń pín iná, ẹ kọ ọ̀kan sí àwọn ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tó ní wáyà lágbègbè yín, kí ẹ sì lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tó ń bójú tó ọ̀nà. Ẹ ní kí wọ́n rán ẹni wá fi ọ̀dà tàbí igi sàmì sí ibi tí wáyà gbà, kí ẹ sì pa ẹ̀dà ìwé mọ́. Bí ẹ bá ti ń dúró dè wọ́n, ẹ rin ẹ̀bá ọ̀nà wò: òkúta tàbí sìmẹ́ǹtì kékeré tó ní àkọlé lára, ìdérí ihò onírin, ibi tí wáyà ti sọ̀kalẹ̀ láti orí òpó wọlẹ̀, àti ibi tí ilẹ̀ ti rì ní ọ̀nà tó gún régé, gbogbo wọn ń sọ ibi tí ẹnì kan ti gbẹ́ rí.

Ní ìtòsí àmì, ẹ má jẹ́ kí katapílà sún mọ́ ọn. Ọwọ́ àti ṣọ́bìrì ni kí wọ́n lò, kí wọ́n rọra ha ilẹ̀ dípò kí wọ́n fi dígà gún un. Bí wọ́n bá bá yanrìn tó yàtọ̀ sí ilẹ̀ àyíká pàdé, tàbí ike gígùn aláwọ̀ tí wọ́n tẹ́ sórí rẹ̀ láti fi kìlọ̀, kí wọ́n dúró. Àwọn tó sin wáyà ló fi í síbẹ̀ fún irú ọjọ́ yìí. Wáyà iná ilé tí a sin dáadáa sábà máa ń wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gbàrá ti gbá ilẹ̀ lọ níbi púpọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí náà ẹ má gbára lé ìwọ̀n yẹn. Ẹ ka gbogbo wáyà tí ẹ bá rí sí èyí tó ní iná, títí ẹni tó ni ín yóò fi sọ pé kò ní. Bí oníṣẹ́ bá sì wá yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó kọ́kọ́ fi tẹ́sítà rẹ̀ kan ibi tó mọ̀ pé iná wà, kí ó tó fi kan wáyà náà, kí ó sì tún padà dán an wò níbi àkọ́kọ́, nítorí tẹ́sítà tó ti kú náà kì í tàn.

Bí ẹ̀rọ bá ṣèèṣì gé wáyà iná, kí ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ jókòó sórí rẹ̀, kí ó má fọwọ́ kan ilẹ̀ títí wọ́n yóò fi pa iná. Bí ẹ̀rọ náà bá gbiná tó di dandan kó bọ́ sílẹ̀, kí ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì fò pa pọ̀, kí ó má fọwọ́ kan ẹ̀rọ àti ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì máa wọ́ ẹsẹ̀ lọ láìya wọ́n. Ilẹ̀ tó yí i ká ti ní iná, bí ẹsẹ̀ kan bá jìnnà sí èkejì, iná á gba ẹsẹ̀ kan gòkè, á gba èkejì jáde. Kí àwọn ọmọ ilé-ìwé má sún mọ́ ibẹ̀ tó mítà mẹ́wàá. Ìlànà yìí náà ni fún wáyà tí ìjì bá já bọ́ sílẹ̀. Ẹ má ṣe fi igi gbé e, pàápàá igi tó tutù.

Bí ó bá jẹ́ fáíbà ni wọ́n gé, kò ní pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ má so ó pọ̀ fúnra yín, ẹ má sì bò ó padà kí wọ́n má baà mọ̀. Ẹ pe àwọn tó ni ín lójú ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ pa pọ̀ ní ẹ̀bá etíkun Côte d'Ivoire, iṣẹ́ báńkì àti íntánẹ́ẹ̀tì dàrú ní Nàìjíríà. Fáíbà ẹ̀bá ọ̀nà yín ni apá tó ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dé ilé ìwòsàn àti báńkì Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ọdún 2024 yẹn náà ni àṣẹ Ààrẹ jáde tó ka àwọn ohun èlò ìbánisọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ dúkìá pàtàkì orílẹ̀-èdè, òfin tó sì wà nílẹ̀ láti ọdún 2015 ti là ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún mẹ́wàá kalẹ̀ fún ẹni tó bá dá ẹ̀ṣẹ̀ sí irú dúkìá bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣèèṣì gé e tó sì kígbe yàtọ̀ sí ẹni tó gé e tó fi pamọ́.

Nígbà tí ògiri bá dúró tán, ẹ wọn bí wáyà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá pàdé ṣe jìnnà sí igun ògiri náà àti bí ó ṣe jìn tó nísàlẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ilé-ìwé, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sí ọ́fíìsì fún ọ̀gá tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín.